Òrùka Hálò: Ká Ra Èyí Tó Wà Nílẹ̀ àbí Ká Ní Kí Alágbẹ̀dẹ Góòlù Rọ Ọ́?

Tí ẹ bá gbé òrùka hálò méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan láti inú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù, èkejì láti ọwọ́ alágbẹ̀dẹ góòlù tó rọ ọ́ fún oníbàárà kan péré, ẹ lè má mọ èwo ni èwo láti òkè. Òkúta ńlá kan wà láàárín, òkúta wẹ́wẹ́ yí i ká (òbírí òkúta wẹ́wẹ́ yẹn ni hálò), gbogbo rẹ̀ ń kọ mànà. Ẹ wá yí wọn dojú dé. Ìdí òrùka ni a ti ń mọ èyí tí yóò pẹ́ lọ́wọ́: irin tó wà lábẹ́ hálò, ihò tí wọ́n lu sábẹ́ òkúta kọ̀ọ̀kan, bí ara òrùka ṣe nípọn tó. Òǹtajà kì í sì í sábà ya fọ́tò ìdí.

Ìdájọ́ wa rèé, ká tó máa ṣàlàyé. Ìwọ̀n òkúta àárín ló yẹ kó pinnu. Bí òkúta náà bá wà lára àwọn ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe òrùka fún, tó sì jẹ́ òkúta tó le, ẹ ra èyí tó wà nílẹ̀, kí ẹ fi owó tó bá ṣẹ́kù gbé ìpele òkúta yín ga. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá yàtọ̀, tàbí tó jẹ́ òkúta ẹlẹgẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n rọ ọ́. Ẹni tó fi tipátipá ki òkúta tí ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀ bọ inú òrùka tó ti wà nílẹ̀ máa padà sanwó alágbẹ̀dẹ náà ni, lẹ́yìn tó ti sanwó ṣọ́ọ̀bù tán.

Iṣẹ́ tí hálò ń ṣe

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní òkúta àárín rí róbótó, ó sì fẹ̀ ní mìlímítà 6.5. A fẹ́ fi dáyámọ́ńdì wẹ́wẹ́ tó fẹ̀ ní mìlímítà 1.3 yí i ká. Tí a bá fi àyè tó kéré gan-an sílẹ̀ láàárín òun àti wọn, òbírí tí àárín àwọn òkúta wẹ́wẹ́ náà yóò tò sí máa fẹ̀ tó mìlímítà 8, yíká rẹ̀ á sì jẹ́ nǹkan bíi 25. Òkúta wẹ́wẹ́ kan pẹ̀lú irin tó pààlà láàárín òun àti èkejì ń gba nǹkan bíi 1.45. Òkúta 17 ni hálò yẹn máa gbà. Láti etí kan dé èkejì, orí òrùka náà á fẹ̀ tó mìlímítà 9.5, ìyẹn ni pé àyè tó gbà lórí ìka á lé ní ìlọ́po méjì èyí tí òkúta àárín nìkan ì bá gbà. Ìdí tí àwọn èèyàn fi ń fẹ́ hálò nìyẹn.

Ṣùgbọ́n dáyámọ́ńdì 1.3 kan kò wọ̀n ju nǹkan bíi káráàtì 0.01 lọ (gíráàmù 0.2 ni káráàtì kan), nítorí náà gbogbo 17 yẹn kò ju nǹkan bíi 0.17 lọ. Tí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ "àpapọ̀ káráàtì" sára òrùka kan, ẹ bi wọ́n pé mélòó ni ti òkúta àárín, mélòó ni ti hálò, mélòó ni ti àwọn tí wọ́n tò sí ọ̀tún àti òsì ara òrùka. Káráàtì kan nínú òkúta kan ṣoṣo kì í ṣe ẹgbẹ́ káráàtì kan tí wọ́n kó jọ láti ara òkúta wẹ́wẹ́ ọgọ́rùn-ún. Owó wọn kò sún mọ́ra rárá. Òǹtajà tí kò bá lè pín in fún yín, ẹ kí i pé ó dìgbà.

Ìṣirò yìí tún fi hàn pé hálò kì í gba ìwọ̀n tó yẹ̀. Mìlímítà 0.3 kò jọ nǹkan kan lójú, àmọ́ bí òkúta àárín bá jẹ́ 6.2 dípò 6.5, àlàfo dúdú á hàn yí i ká, a ó sì máa rí irin abẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ 6.8, á gun orí òkúta wẹ́wẹ́, tàbí kó má tilẹ̀ wọlé. Nínú òrùka tí kò ní hálò, èékánná, ìyẹn àwọn ọ̀pá irin tín-ínrín tó tẹ̀ lé òkúta lórí tó dì í mú, ṣeé tẹ̀ síta tàbí sínú díẹ̀, kí òkúta lè jókòó. Òbírí hálò kò ṣeé tẹ̀.

Èyí tó wà nílẹ̀

Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe òrùka lọ́pọ̀ yanturu ń lo òkúta tí wọ́n gé sí ìwọ̀n tí gbogbo ọjà mọ̀. Róbótó sábà máa ń jẹ́ 5, 6 tàbí 6.5, èyí tó rí bí ẹyin máa ń jẹ́ 7×5, 8×6 tàbí 9×7. Agbára wọn wà níbẹ̀. Wọ́n ti ṣe irú òrùka kan náà lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n ti mọ ibi tí èékánná ti ń kán, wọ́n ti mọ iye òkúta tó máa yí i ká láìsí ìdajì òkúta tó ṣẹ́kù. Àlàfo tó wà láàárín òkúta àárín àti hálò nínú òrùka ilé-iṣẹ́ tó mọṣẹ́ máa ń tín-ín-rín débi pé ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ ni kò ní rí i ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àǹfààní kejì tí a kì í sábà kà sí ni pé ẹ máa wọ̀ ọ́ wò kí ẹ tó sanwó. Orí òrùka tó fẹ̀ ní mìlímítà 10 lè dára nínú fọ́tò kó sì gba ìka kúkúrú mọ́lẹ̀. Gíga orí náà ńkọ́? Tó bá ga jù, á máa há mọ́ àpò, á máa gbá ara ilẹ̀kùn. Ìṣẹ́jú márùn-ún nínú ṣọ́ọ̀bù á sọ gbogbo èyí fún yín. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló sì ń gba òrùka padà láàárín àkókò kan bó bá ṣì wà bó ṣe wà. Alágbẹ̀dẹ tó rọ òrùka sí ìwọ̀n ìka yín kì í sábà gbà á padà.

Níbo wá ni wọ́n ti ń gé owó kù? Nínú irin ni. Góòlù ló ń gba owó lára òrùka lọ́pọ̀, nítorí náà ìdí òrùka olówó pọ́ọ́kú máa ń ṣófo, ara rẹ̀ máa ń tín-ín-rín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n lójú yín. Ẹ fi kálípà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn bí nǹkan kékeré ṣe fẹ̀ tó tàbí nípọn tó, wọn ìsàlẹ̀ ara òrùka, apá tó máa ń kọjú sí àtẹ́lẹwọ́: bí kò bá nípọn tó mìlímítà 1.5, ó máa tẹ̀ lọ́jọ́ kan, láti 1.8 sí 2 ni ọkàn ti ń balẹ̀ fún òrùka ojoojúmọ́. Òrùka tó bá sì ti tẹ̀ kúrò ní róbótó, àwọn òkúta wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń mì. Ẹni tí òkúta rẹ̀ bá jábọ́ sábà máa ń bínú sí ẹni tó gbé òkúta jókòó, nígbà tó jẹ́ pé irin tó yẹsẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ló fà á.

Lẹ́yìn ìyẹn, àmì inú òrùka, nọ́ńbà tó ń sọ iye ògidì irin tó wà nínú ìdá ẹgbẹ̀rún. Káráàtì ti góòlù kì í ṣe ìwúwo bíi ti òkúta, bí góòlù náà ṣe jẹ́ ògidì tó ló ń sọ. 750 ni góòlù káráàtì 18, 585 ni 14, 375 ni 9. 950 jẹ́ ti pílátínọ́mù, 925 ti fàdákà. Ẹ má ra hálò oníwẹ́wẹ́ 1.3 tí wọ́n fi fàdákà ṣe tí ẹ bá fẹ́ máa wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Fàdákà rọ̀ jù fún èékánná tó tín-ín-rín bẹ́ẹ̀, irun orí àti òwú aṣọ nìkan tó láti ṣí wọn díẹ̀díẹ̀. Góòlù funfun sì sábà máa ń ní ródíọ̀mù, irin funfun kan tó ń dán, lára tí wọ́n fi bò ó. Bó bá ń gbó, àwọ̀ ìyẹ́lò díẹ̀ á máa jáde lábẹ́, pàápàá nísàlẹ̀ òrùka, á sì fẹ́ kí wọ́n tún un bò ní ọdún kan sí méjì fún ẹni tó ń wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Ìyẹn kì í ṣe àrùn, bó ṣe rí nìyẹn. Bí ara yín kì í bá gba níkẹ́ẹ̀lì, irin kan tí wọ́n sábà máa ń pò mọ́ góòlù funfun, ẹ bèèrè góòlù funfun tó jẹ́ pàládíọ̀mù ni wọ́n pò mọ́ ọn.

Ó wá kan awò alágbẹ̀dẹ, èyí tó ń sọ nǹkan di ńlá lọ́nà 10. Kò wọ́n, kò sì wúwo, ẹ ra tiyín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí òkúta wẹ́wẹ́ kan, kí ẹ yí gbogbo hálò náà po, kí ẹ má fò ọ̀kan. Ohun tí ẹ ń wá ni pé kí ojú gbogbo òkúta tẹ́jú sí òkè bákan náà. Èyí tó bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kò jókòó dáadáa. Kí èékánná tàbí kóró irin tó dì í mú kan etí òkúta, kó sì bò ó díẹ̀. Tí ẹ bá rí ìlà òkùnkùn láàárín irin àti òkúta, ọwọ́ kò tíì tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi òwú funfun wọ́ hálò náà láti gbogbo ọ̀nà: ibi tó bá ti gbé òwú, ibẹ̀ ni yóò ti máa gbé aṣọ. Ẹ gbé òrùka sétí, kí ẹ fi ìka ta á jẹ́jẹ́. Ohùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ túmọ̀ sí pé òkúta kan ń mì. Lẹ́yìn náà ẹ yí i dojú dé. Abẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan yẹ kó ní ihò tó là jáde, kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, kí omi ọṣẹ sì lè ráyè jáde nígbà tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́. Bí ìdí rẹ̀ bá dí pátápátá, ìdọ̀tí á kó sí i, òkúta á dúdú. Bí ẹ bá rí gúlúù níbẹ̀, ẹ dá a padà.

Ohun kan wà tí awò á tún jẹ́ kí ẹ rí. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń to òkúta wẹ́wẹ́ sínú ìda tí wọ́n ṣe bí òrùka kí wọ́n tó da góòlù, tí góòlù gbígbóná á sì ṣàn yí òkúta náà ká. Dáyámọ́ńdì, sàfáyà àti rúbì tó mọ́ lè fara da ooru yẹn. Ẹ máa mọ̀ ọ́n nítorí pé etí irin á wú rọ̀bọ̀tọ̀, kò ní sí ojú ọbẹ tàbí ojú irinṣẹ́ kankan lára rẹ̀. Fún òrùka òde ìgbà kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò burú. Àmọ́ bí òkúta kan bá jábọ́, alágbẹ̀dẹ gbọ́dọ̀ gbẹ́ ìjókòó tuntun sínú irin tí wọn kò ṣe fún gbígbẹ́, inú rẹ̀ kì í sì í dùn sí i.

Iná ṣọ́ọ̀bù. Kò sí òkúta tí kì í dán lábẹ́ gílóòbù kéékèèké tí wọ́n tò sókè gíláàsì wọ̀nyẹn, títí kan gíláàsì fúnra rẹ̀. Ẹ gbé òrùka lọ sójú fèrèsé. Ẹ wò ó láti òkè gan-an: bí ẹ bá ń rí awọ ìka yín láti àárín òkúta, wọ́n gé e ní pẹlẹbẹ jù, ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín rẹ̀ kọjá dípò kó padà sójú yín. Òkúta aláwọ̀ inú òrùka olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń ní àìsàn yìí, hálò tó ń dán yí i ká ló sì ń bò ó mọ́lẹ̀.

Òkúta fúnra rẹ̀

Eruku ilé ní yanrìn wẹ́wẹ́ nínú, líle yanrìn yẹn lórí òṣùwọ̀n Mohs, tó ń wọn líle òkúta láti 1 dé 10, sì jẹ́ 7. Ohunkóhun tó bá rọ̀ jù ú lọ, ojú rẹ̀ á máa ha tí a bá ń nù ún. Dáyámọ́ńdì jẹ́ 10, sàfáyà àti rúbì 9, sípínẹ́ẹ̀lì àti tópáàsì 8, ẹ́míráàdì àti akuamárínì 7.5 sí 8, ámẹ́tísì 7, tánsánáìtì 6 sí 7, ópálì 5.5 sí 6.5. Àwọn kan máa ń sọ pé hálò ń dáàbò bo òkúta àárín. Ó ń dáàbò bo etí rẹ̀ díẹ̀ ni. Orí rẹ̀ wà ní gbangba, orí sì ni gbogbo nǹkan ń gbá. Fún ópálì àti tánsánáìtì, èékánná mẹ́rin kò tó. Irin tó yí etí wọn ká pátápátá ló yẹ wọ́n, hálò á wá wà lẹ́yìn irin náà, irú ìyẹn kì í sì í wọ́pọ̀ nínú gíláàsì.

Ẹ́míráàdì le lóòótọ́ ṣùgbọ́n ìlà àti ẹ̀là pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń fi òróró dí àwọn ẹ̀là náà. Rúbì tí wọ́n fi gíláàsì olójé dí inú rẹ̀ ló léwu jù lọ fún ẹni tí kò bèèrè: iná alágbẹ̀dẹ, ásíìdì tó fi ń fọ irin, àní omi òrombó wẹ́wẹ́ pàápàá, lè jẹ gíláàsì náà, kí òkúta sì di ẹlẹ́là yánnayànna. Bí wọ́n bá fẹ́ mú irú òrùka bẹ́ẹ̀ fẹ̀ sí i lọ́jọ́ iwájú, iṣẹ́ kékeré yẹn lè ba òkúta jẹ́. Sàfáyà tí wọ́n fi iná yan kí àwọ̀ rẹ̀ lè dára sí i kò ní wàhálà, ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ ni wọ́n ti yan, kí wọ́n ṣáà sọ ọ́.

Fún òkúta tó bá gbówó lórí, ẹ bèèrè ìwé àyẹ̀wò láti ibi tí kò bá òǹtajà tan: GIA ní Amẹ́ríkà tó ti wà láti 1931, SSEF tàbí Gübelin ní Siwitsalandi. Ìwé náà á sọ bóyá ilẹ̀ ni wọ́n ti wà á tàbí inú ẹ̀rọ ni wọ́n ti ṣe é, á sì sọ ohun tí wọ́n fi tún un ṣe. Ẹ má fi ọjọ́ orí òrùka ṣe ẹ̀rí pé òkúta rẹ̀ jáde láti inú ilẹ̀. Láti 1902 ni Auguste Verneuil ará Faransé ti kéde ọ̀nà tó fi ń ṣe rúbì nínú iná, òrùka àtijọ́ tó ní irú rẹ̀ kò níye.

Èyí tí a ní kí wọ́n rọ

Òkúta ni ẹ óò kọ́kọ́ rà, òrùka á tẹ̀ lé e. Ẹ má jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ bẹ̀rẹ̀ àwòrán lórí òkúta tí kò tíì sí lọ́wọ́. Kálípà ni yóò fi wọn gígùn, fífẹ̀ àti jíjìn rẹ̀, dé ìdá mẹ́wàá mìlímítà ó kéré tán. Káráàtì kò wúlò níbí yìí, nítorí òkúta wúwo ju ara wọn lọ: dáyámọ́ńdì róbótó káráàtì kan sábà máa ń fẹ̀ tó 6.5, sàfáyà káráàtì kan kì í sábà ju nǹkan bíi 6 lọ, nígbà tí ẹ́míráàdì tó fúyẹ́ lè tóbi ju méjèèjì.

Jíjìn ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Òkúta aláwọ̀ tí wọ́n gé láti fi gba ìwúwo sílẹ̀ máa ń ní ikùn ńlá nísàlẹ̀. Èyí tó jẹ́ 8×6 lójú lè jìn tó 4.8, nínú ìjókòó tí wọ́n ṣe fún 3.8, ìdí rẹ̀ á yọ síta á sì máa gún ìka. Ìdí pàtàkì tí ó fi yẹ kí ẹ rọ òrùka nìyí. Alágbẹ̀dẹ lè gbé orí òrùka sókè tàbí kó fi hálò sísàlẹ̀ díẹ̀ kó lè bo ikùn òkúta náà.

Ohun tó kàn ni àwòrán orí kọ̀ǹpútà. Ẹ ṣọ́ra fún un gidigidi. Nínú àwòrán, òrùka náà gba gbogbo ojú fóònù, irin àárín àwọn òkúta tín-ín-rín bí irun, gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ní ti gidi, irin kò lè tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ kó sì di nǹkan mú. Nítorí náà ẹ má sọ pé "ó dára" tàbí "kò dára" fún àwòrán. Nọ́ńbà ni kí ẹ bèèrè. Báwo ni èékánná òkúta àárín ṣe nípọn tó? Tó bá jẹ́ mìlímítà 1 nínú àwòrán, dídà àti dídán á jẹ lára rẹ̀, á wá sí nǹkan bíi 0.8, ìyẹn dára. Tó bá jẹ́ 0.7 láti orí kọ̀ǹpútà, ẹ ní kí wọ́n fi kún un. Àlàfo mélòó ló wà láàárín òkúta àárín àti hálò? Báwo ni orí rẹ̀ ṣe ga tó láti orí ìka? Bí ẹ bá fẹ́ wọ òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn mọ́ ọn, ṣé ìdí hálò ga débi tí òrùka kejì á fi lè wọ abẹ́ rẹ̀, kó fara mọ́ ọn láìsí àlàfo? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni àwọn tó ti ra èyí tó wà nílẹ̀ ń kábàámọ̀ rẹ̀ jù.

Kí wọ́n tó da góòlù, ẹ ní kí wọ́n tẹ òrùka náà jáde ní résìnì (irú ike kan) tàbí ìda, kí ẹ fi sọ́wọ́. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òrùka, òun nìkan sì ni ọ̀nà tí ẹni tó ń rọ òrùka lè gbà wọ̀ ọ́ wò bíi ti ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ gbé òkúta lé e lórí. Àṣìṣe tí wọ́n bá rí níbí, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń tún un ṣe. Àṣìṣe tí wọ́n bá rí lẹ́yìn dídà, iná àti fáìlì ni.

Dídà fúnra rẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Wọ́n á rì ìda náà sínú plásítà, wọ́n á sun ún nínú ààrò títí ìda á fi jóná tán, góòlù yíyọ́ á wá gba àyè rẹ̀. Ewu ibẹ̀ ni ihò wẹ́wẹ́ tó máa ń wà nínú góòlù bí ooru tàbí ìdápọ̀ rẹ̀ kò bá tọ́. Bí ihò bá wà lábẹ́ èékánná, èékánná yẹn á kán lọ́jọ́ kan láìsí ohun tó gbá a. Alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ máa ń fi awò wo gbogbo rẹ̀ kó tó gbé òkúta kankan jókòó, yóò sì tún un dà tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ bi í bóyá ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ṣì ń fi ọwọ́ lù ú, wọ́n ń fa góòlù ní wáyà àti ní pẹlẹbẹ, wọ́n ń jó o pọ̀. Irin bẹ́ẹ̀ máa ń ki ju èyí tí wọ́n dà lọ, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, owó rẹ̀ náà pọ̀.

Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ tò, lábẹ́ máíkírósíkóòpù, òkúta àárín ló máa ń gbẹ̀yìn. Bí òkúta àárín bá jẹ́ ẹ́míráàdì tàbí ópálì, gbogbo iṣẹ́ iná gbọ́dọ̀ ti parí kó tó wọlé. Ibi tí wọ́n ti sábà máa ń ba iṣẹ́ hálò jẹ́ ni igun. Òkúta róbótó àti èyí tó rí bí ẹyin rọrùn. Èyí tó ní igun mẹ́rin tàbí ṣónṣó gba ọgbọ́n, nítorí òkúta wẹ́wẹ́ róbótó kì í ká igun dáadáa. Tí wọn kò bá lo òkúta tó kéré sí i, bíi 1.0 tàbí 1.1, ní igun náà, ẹ máa rí irin pẹlẹbẹ níbi tó yẹ kí òkúta wà. Ṣónṣó náà gbọ́dọ̀ ní èékánná tó là sí méjì tó gbá a mọ́ra, nítorí ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ fọ́.

Àwọ̀ òkúta wẹ́wẹ́ tún wà ńlẹ̀. Bí hálò bá jẹ́ dáyámọ́ńdì, kí gbogbo wọn funfun bákan náà. Bó bá jẹ́ sàfáyà tàbí rúbì wẹ́wẹ́, ẹ ní kí wọ́n tò wọ́n sórí bébà funfun lójú yín kí wọ́n tó gbé wọn jókòó. Ọ̀kan tó dúdú ju ìyókù lọ nínú 17 á máa fa ojú yín lọ síbẹ̀ títí láé.

Àkókò rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́jọ láti ìgbà tí àwòrán bá ti tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹni tó bá ṣèlérí ọ̀sẹ̀ kan fún hálò oníwẹ́wẹ́, ó ṣeé ṣe kó ti ní orí òrùka tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ tó fẹ́ jó mọ́ ara mìíràn. Kò burú, ṣùgbọ́n kí owó rẹ̀ jọ bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó fi òkúta sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lábẹ́ awò, kí ẹ kọ ìwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti káráàtì rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì fi àmì sí ibi tí ẹ̀là inú rẹ̀ wà. Kí ẹ̀yin àti alágbẹ̀dẹ fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ kì í gba ẹ̀bi bí òkúta oníbàárà bá fọ́ lọ́wọ́ wọn, wọn kò sì ṣìkà, nítorí ẹ̀là inú ẹ́míráàdì lè là níbi tí èékánná bá ti tẹ̀ ẹ́. Èyí tó yẹ kó wà lórí ìwé ni ta ni ó máa jìyà rẹ̀. Bí òkúta bá jẹ́ èyí tí ẹ rà lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ náà gan-an, òun ló yẹ kó jẹ gbèsè rẹ̀ títí tí òrùka á fi dé ọwọ́ yín. Nítorí ìdí yìí nìkan, ríra òkúta lọ́wọ́ ẹni tó máa rọ ọ́ lè sàn ju kí ẹ wá a kiri ní ẹ̀dínwó.

Ọ̀nà àárín

Òrùka hálò tí ibi òkúta àárín rẹ̀ ṣófo wà fún títà. Wọ́n ti to hálò rẹ̀ tán, ẹ óò kàn mú òkúta wá. Fún sàfáyà 8×6 tí wọ́n gé dáadáa, a kò rí ìdí tí èèyàn á fi ná ju èyí lọ. Ìyàtọ̀ tó ń gbà kò ju mìlímítà 0.1 sí 0.2 lọ, nítorí náà ìwọ̀n òkúta tó jẹ́ 8.4×6.3 kò bá a mu, kí òǹtajà má tàn yín pé wọ́n á "tẹ̀ ẹ́ díẹ̀". Ẹ sì béèrè jíjìn tó gbà.

Ní ti ìka: ẹ wọ̀n ọ́n ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ara móoru. Ní òwúrọ̀ tàbí lẹ́yìn omi tútù, ìka máa ń súnkì. Ara òrùka tó fẹ̀ máa ń há ju èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ bí ìwọ̀n wọn tilẹ̀ dọ́gba. Orí hálò wúwo, pàápàá tó bá jẹ́ pílátínọ́mù, á sì máa yí sí ẹ̀gbẹ́ tí òrùka bá tú díẹ̀. Kóró góòlù kékeré méjì tí wọ́n bá fi sínú òrùka nísàlẹ̀ ń dá a dúró. Bí ẹ bá rò pé ẹ lè mú un fẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, kí òkúta wẹ́wẹ́ ara òrùka má kọjá ìdá méjì nínú mẹ́ta yíká rẹ̀, kí ìsàlẹ̀ wà lásán. Èyí tí òkúta yí ká tán kò ṣeé mú fẹ̀, tuntun ni wọ́n máa rọ. Kódà èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà lásán, tí wọ́n bá fi ju ìwọ̀n méjì lọ mú un fẹ̀ tàbí kó kéré, orí òrùka á yí díẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ẹ̀gbẹ́ á sì máa mì.

Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ tí a fi ń fọ abọ́, búrọ́ọ̀ṣì eyín tó rọ̀, láti ìdí, nǹkan tí hálò nílò kò jù báyẹn lọ. Ẹ̀rọ tó ń fi ìgbọ̀nrìrì fọ nǹkan wà fún dáyámọ́ńdì àti sàfáyà tí wọn kò fi nǹkan dí inú rẹ̀, bí òkúta wẹ́wẹ́ kankan kò bá ti ń mì tẹ́lẹ̀. Ẹ́míráàdì, ópálì, tánsánáìtì àti rúbì onígíláàsì kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Ẹ ní kí alágbẹ̀dẹ wo èékánná rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bóyá ṣọ́ọ̀bù ni ẹ ti rà á tàbí ẹ ní kí wọ́n rọ ọ́.